Omi Kì Í Pa Ooru

Ọmọ àbúrò mi, ìyá rẹ pè mí láti Barnawa lálẹ́ àná. Ó ní o ti tu owó jọ, o fẹ́ ra ohun èlò tí omi yóò fi máa mú kọ̀ǹpútà rẹ tutù, torí iṣẹ́ fídíò tí ò ń ṣe ń jẹ́ kó gbóná bí ààrò. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá ọ sọ̀rọ̀ kí o tó náwó.

O mọ̀ pé PAN ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kaduna níbí ní ọdún 1975. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù rédíétọ̀ ní Panteka, mo sì lẹ rédíétọ̀ 504 níbẹ̀ fún ogún ọdún ó lé. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe mọ́tò, mo mọ̀, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni omi ń ṣe nínú àwọn méjèèjì.

1. Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé níbo ni ooru náà ń lọ. Omi kì í pa ooru. Ó ń rù ú ni, láti ibi tó ti ń jó dé ibi tí atẹ́gùn yóò ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí atẹ́gùn náà bá gbóná ńkọ́? Ní ọ̀sán oṣù kẹrin, tí NEPA ti mú iná lọ, tí yàrá rẹ wà ní 36°C, kò sí rédíétọ̀ tó lè mú omi rẹ tutù ju 36°C lọ. Èyí tó dára gan-an, bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, omi rẹ̀ yóò fi nǹkan bí 10°C gbóná ju yàrá lọ. Omi rẹ ti dé 46°C nìyẹn. Páǹpù D5 tí o dárúkọ fún ìyá rẹ, 60°C ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà omi rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ ní London nínú yàrá 21°C kò ní irú ìdààmú yìí. Bó bá sọ bí omi tirẹ̀ ṣe gbóná tó fún ọ, fi 15°C lé e kí o tó gbà á.

2. Ka wáàtì kí o tó ka owó. Káàdì àwòrán rẹ, RTX 3080, lè jẹ tó wáàtì 320. CPU rẹ, Ryzen 7 5800X, lè jẹ tó 142. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 462, gbogbo rẹ̀ ló sì ń di ooru. Ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń sọ ni pé kí èèyàn ka wáàtì 100 sí 150 fún ojú fáànù 120 mm kọ̀ọ̀kan lórí rédíétọ̀. Nílùú tiwa, 100 ni kí o kà. Ìyẹn túmọ̀ sí ojú fáànù márùn-ún: rédíétọ̀ 360 kan, 240 kan. Wọn kọ̀ǹpútà rẹ pẹ̀lú tépù kí o lè mọ̀ bóyá wọ́n wọ inú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí wàá bi mí. Rédíétọ̀ 504 kan ṣoṣo ń gba ooru ẹ́ńjìnnì odindi mọ́tò, kí ló dé tí kọ̀ǹpútà kékeré fi nílò méjì? Ìdí rẹ̀ ni pé omi mọ́tò máa ń sún mọ́ 90°C. Bí ìta bá wà ní 36, àlàfo 54 ló wà láàárín omi àti atẹ́gùn, àlàfo yẹn gan-an ló ń ti ooru jáde. Àlàfo tìrẹ kò ju 10 lọ. Níbi tí àlàfo bá ti kéré, ara rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi wà nídìí rédíétọ̀ kí n tó ronú kan èyí, nítorí náà má jẹ́ kó sú ọ láti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

3. Bó bá jẹ́ CPU nìkan ló ń gbóná, fi omi sílẹ̀. Ra ìtútù onífáànù méjì tó ga dáadáa, kí o fi owó tó kù kún ti bátìrì inverter rẹ.

4. Bèèrè irin tí wọ́n fi ṣe ohun gbogbo tí omi yóò fara kàn. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ ṣe tirẹ̀. A rí rédíétọ̀ kan tó pọ́ọ́kú, a rà á, a ò bèèrè. Alumíníọ̀mù ni. Bàbà sì ni búlọ́ọ̀kù tó jókòó lórí CPU, èyí tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kí oṣù mẹ́jọ tó pé, omi náà ti rí bí omi ògì, ìyẹ̀fun funfun sì ti dí àwọn ojú ọ̀nà tín-ín-rín inú búlọ́ọ̀kù. Ó dùn mí gan-an, torí èmi ló yẹ kí n mọ̀. Bí o bá ki bàbà àti alumíníọ̀mù sínú omi kan náà, wọ́n ti di bátìrì nìyẹn: iná kékeré ń gba àárín wọn, alumíníọ̀mù ló sì ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Bàbà, idẹ, àti bàbà tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò lè jọ gbé. Má jẹ́ kí alumíníọ̀mù dé àárín wọn.

5. Píọ̀ wọ́tà kọ́ ni wàá rọ sí i. Wọ́n sẹ́ ẹ ni, iyọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n tọ́jú ní Malali wà fún mímu àti fífọṣọ, omi bọ́híhóòlù sì lè fi ìdọ̀tí tó le bí ẹfun sílẹ̀. Mo ti ha irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rédíétọ̀ tí n kò lè kà. Omi tí wọ́n sè títí ó fi di oru, tí wọ́n wá gba oru náà padà, ni kí o lò. Wọ́n ń tà á fún bátìrì mọ́tò, ṣùgbọ́n ka ara ike rẹ̀ dáadáa, torí ásíìdì bátìrì náà wà nínú irú ike kan náà. Fi oògùn tí kì í jẹ́ kí irin jẹrà sí i, àti èyí tí kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé hù nínú omi.

6. Ya ọ̀nà tí omi yóò gbà kọjá sórí ìwé. Táńkì gbọ́dọ̀ ga ju ẹnu páǹpù lọ kí páǹpù má baà gbẹ, torí omi tó ń gbé ló ń fi sọ ara rẹ̀ di tútù. Ìyókù, má jà lé e lórí pé CPU ló yẹ kí omi kọ́kọ́ dé tàbí káàdì. Bí lítà 4 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, ooru wáàtì 300 yóò fi nǹkan bí 1°C péré kún omi náà. Tẹ̀lé ọ̀nà tó kúrú jù. Fi ẹnu ìgbọnmi sí ibi tó rẹlẹ̀ jù, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí o bá fẹ́ pààrọ̀ omi lo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rántí rẹ̀.

Họ́òsì rọ́bà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, má ra ike líle tó ń dán yẹn. Bó bá jẹ́ 10/16 lo mú, orí ìsopọ̀ 10/16 ni kí o rà, èyí tí ojú skúrù rẹ̀ jẹ́ G1/4. Ohun kọ̀ọ̀kan ń jẹ orí méjì. Bí páǹpù àti táńkì bá so pọ̀ di ẹyọ kan, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù CPU, ti káàdì, àti rédíétọ̀ méjì, tìrẹ yóò jẹ́ mẹ́wàá. Ra mẹ́tàlá.

7. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku yóò kún ojú rédíétọ̀ rẹ títí atẹ́gùn ò fi ní í rí ọ̀nà gbà. Ra èyí tí ojú rẹ̀ kò há jù, fi asẹ́ síwájú fáànù, kí o sì máa fẹ́ ẹ lóṣooṣù láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì.

8. Ní ọjọ́ tí o bá máa rọ omi, má so wáyà kankan mọ́ motherboard, káàdì, tàbí díìsìkì. Páǹpù nìkan ni kí iná wọ̀. Lórí ẹnu wáyà oníhò 24 tí PSU (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) ní, so ihò wáyà aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ ti dúdú kan, PSU yóò ṣiṣẹ́. Tan páǹpù díẹ̀, pa á kí táńkì tó gbẹ, bu omi kún un, tún tan án. Máa dẹ àpótí náà sí ọ̀tún àti òsì kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde. Tẹ́ tíṣù funfun sábẹ́ gbogbo orí ìsopọ̀, kí o jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín rẹ̀, tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti kánjú rí. Oníbàárà kan dúró tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo aago, mo gbé rédíétọ̀ rẹ̀ fún un láìfi atẹ́gùn dán an wò nínú agbada omi. Ojú ọ̀nà Zaria ni mọ́tò náà dá a dúró sí, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, nínú oòrùn.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí gbogbo tíṣù náà ṣì gbẹ, pè mí kí o tó so wáyà yòókù. Mo fẹ́ wá fi ọwọ́ ara mi kàn wọ́n.