Ẹ̀RỌ TÍ Ń BÁ WA WÁ ÌMỌ̀: KÍ NI Ó MỌ̀, KÍ NI KÒ MỌ̀?

 

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí, ẹ̀kọ́ wa dá lórí ohun kan tí ó ti wọ ilé gbogbo wa. Bí ọ̀rọ̀ àwẹ̀, ogún pínpín tàbí sàká bá rú wa lójú, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lọ bá àfáà mọ́. Fóònù ni a ń tẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ìdáhùn á ti pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tí ó wà lókè pátápátá ni a sì máa ń mú, bí ẹni pé òun ni ó jẹ́ òtítọ́ jùlọ. Ǹjẹ́ ta ni ó tò wọ́n bẹ́ẹ̀? Òṣùwọ̀n wo ni ó lò? Èyí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Títo ìmọ̀ kì í ṣe ohun tuntun

Àwọn Mùsùlùmí ìṣáájú mọ̀ pé ìmọ̀ tí a kò tò kò yàtọ̀ sí èyí tí ó sọnù. Ní ìlú Bàgídáádì, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ibn al-Nadim, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé dídàkọ àti ìwé títà. Ní ọdún 377 Hijra, ìyẹn nǹkan bí ọdún 987 Mílàdíyà, ó ṣe ìwé kan tí ó pè ní Al-Fihrist. Ó ka àwọn ìwé tí ó wà ní èdè Lárúbáwá nígbà náà sínú rẹ̀, ó sì pín in sí apá 10. Kò fi mọ sí orúkọ ìwé nìkan. Ó tún sọ ẹni tí ó kọ ọ́ àti irú ẹni tí onítọ̀hún jẹ́.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ọ̀rọ̀

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ìwé ti pọ̀ ju ohun tí ojú ènìyàn lè yẹ̀ wò lọ. Karen Spärck Jones, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cambridge, wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Ní ọdún 1972, ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ kan wúwo ju òmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú gbogbo ìwé kò lè bá wa ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Èyí tí ó wà nínú ìwé díẹ̀ ni ó lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ gbè é. Ká ní ìwé 100 wà nínú ilé-kéwú kan. Ọ̀rọ̀ náà "Mùsùlùmí" wà nínú gbogbo wọn. "Sàká" wà nínú 20. "Nísáàbù", ìyẹn ìwọ̀n tí ọrọ̀ gbọ́dọ̀ pé kí sàká tó di dandan, wà nínú 4 péré. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kọ̀ǹpútà kò ní ka "Mùsùlùmí" sí, yóò ka "sàká" sí díẹ̀, yóò sì ka "nísáàbù" sí jùlọ. Àwọn ìwé 4 yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹ kíyè sí i: ìṣirò ni ó ṣe. Kò mọ ohun tí sàká jẹ́, kò sì mọ èyí tí ó ṣì í sọ nínú ìwé mẹ́rin náà.

Ẹ̀rọ tí ń kọ́ ìwà wa

Gerard Salton, ẹni tí wọ́n bí ní Jámánì, ni ó darí iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní SMART ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwé tí ó jáde lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1971, J. J. Rocchio ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó. Bí ó bá gbé ìwé 10 jáde, tí a sì sọ pé 3 ni ó wúlò fún wa, yóò mú ọ̀rọ̀ inú mẹ́ta náà kún ìbéèrè wa, yóò dín agbára ọ̀rọ̀ inú àwọn tí a kọ̀ kù, yóò sì tún un wá.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í béèrè lọ́wọ́ wa mọ́. Ohun tí a tẹ̀ àti fídíò tí a wò parí ni wọ́n fi ń mọ ohun tí a fẹ́. Àǹfààní wà níbẹ̀, nítorí wàhálà dínkù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ràn oníwàásù tí ń bú àwọn àfáà yòókù, irú rẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò máa gbé wá fún un, títí yóò fi rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Mùsùlùmí ń sọ. Ìfẹ́ inú wa ni ẹ̀rọ náà ń kọ́. Kì í ṣe òdodo ọ̀rọ̀.

Òṣùwọ̀n tiwa

Àwọn onímọ̀ Hádíìsì kì í fi adùn ọ̀rọ̀ gba ọ̀rọ̀ wọlé. Ta ni ó sọ ọ́? Ẹnu ta ni ó ti gbọ́ ọ? Ǹjẹ́ àwọn méjèèjì pàdé rí? Ṣé olódodo ni, ṣé iyè rẹ̀ sì pé? Èyí ni à ń pè ní isnad. Nínú Súrà al-Hujurat pàápàá, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa pé kí a wádìí ìròyìn tí arúfin bá mú wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a kò ní kí ẹ má lo fóònù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí Hádíìsì níbẹ̀, ẹ wo inú ìwé tí ó wà, ẹni tí ó gbà á wá, àti ohun tí àwọn onímọ̀ sọ nípa rẹ̀. Ẹ má dúró lórí ìdáhùn kan. Ẹ tún ìbéèrè náà gbé gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé e wá bá àfáà yín.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dé láti inú fóònù, ẹ bi í pé, "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?" Àwa olùkọ́ náà, kí a má ṣe kanra mọ́ ọmọ tí ó bá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wá. Bí a bá lé e, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà ni yóò padà sí, kò sì ní bi wá ní nǹkan kan mọ́.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí ó mọ̀nà ni kí a sì máa bi.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí a lè fi ṣiṣẹ́ ṣe. Àmín.