Bí A Ti Ń Wá Àbùkù Tẹlifóònù Ọ́fíìsì Tí A Ń Lò Láti Òkèèrè

Kí fóònù alágbèéká GSM tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 2001, ẹni tí ó bá fẹ́ lo tẹlifóònù ọ́fíìsì ní láti jókòó ti wáyà rẹ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìlànà kan tí a ń pè ní SIP, èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, ti mú kí ìpè lè gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá. Akọ̀wé tí ó wà nílé rẹ̀ ní Bódìjà lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ dáhùn ìpè tí ó wọ ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tí ń ṣọ́ yàrá ìkẹ́rùsí ní Challenge.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé iṣẹ́ kan tí ń pín oògùn láti Dùgbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Nọ́ọ̀sì kan pè láti abúlé ní alẹ́, ó ń wá oògùn fún aláìsàn. Fóònù akọ̀wé dún ní Bódìjà, akọ̀wé sì gbé e. Ó ń gbọ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì pe "hẹ́lò, hẹ́lò" títí ó fi sú u. Oògùn wà nílẹ̀, ẹni tí yóò fi ránṣẹ́ kò sùn, síbẹ̀ ọwọ́ aláìsàn kò tẹ̀ ẹ́.

Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí, kí á sì máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Bí fóònù kò bá lè wọ inú ẹ̀rọ ọ́fíìsì rárá, kí akọ̀wé pa Wi-Fi ilé rẹ̀, kí ó fi dátà fóònù gbìyànjú. Bí ó bá wọlé, ilé rẹ̀ ni àbùkù wà. Bí kò bá wọlé, kí ó fi ìpè lásán bi ẹni tí ó wà ní ọ́fíìsì ní ìbéèrè mẹ́ta: Ǹjẹ́ iná wà? Ǹjẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́? Ǹjẹ́ yàrá kan lè pe yàrá kejì? Bí yàrá bá ń pe yàrá, ara ẹ̀rọ tí ń pín ìpè le. Ọ̀nà ìta ni kí á yẹ̀ wò.

Nígbà mìíràn, bí iná bá lọ tí ó sì padà dé, àdírẹ́sì tí ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọ́fíìsì lè ti yí padà, tí fóònù akọ̀wé yóò sì máa kan ilẹ̀kùn àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ onísíìmù ni ọ́fíìsì ń lò, ọ̀pọ̀ oníbàárà lè jọ máa lo àdírẹ́sì kan, tí kò fi ní sí ọ̀nà láti ìta wọlé. Kí ilé iṣẹ́ béèrè fún àdírẹ́sì tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí kì í sì í yí padà.

Nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ ohùn akọ̀wé ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ìpè ń gbà, ọ̀tọ̀ ni ti ohùn. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni ó ń sọ fún fóònù akọ̀wé ibi tí yóò darí ohùn sí. Bí ó bá sọ àdírẹ́sì inú ilé, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ó dàbí ẹni tí ó ní kí á gbé ẹrù wá sí "yàrá kẹta" láìdárúkọ agbo ilé. Yàrá kẹta mélòó ni ó wà ní Ìbàdàn? Ohùn yóò sọnù sójú ọ̀nà. Kí onímọ̀ ẹ̀rọ kọ àdírẹ́sì ìta ọ́fíìsì sínú ẹ̀rọ náà, kí ó ṣí ọ̀nà ohùn lára ráútà, kí ó sì pa SIP ALG, ètò inú ráútà tí ó máa ń tún àdírẹ́sì kọ, tí ó sì sábà máa ń bà á jẹ́.

Bí ìpè bá ń já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 32 nígbà gbogbo, kí á má tètè dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi. Ẹ̀rọ ń retí ìdáhùn pé a ti gbọ́ òun. Bí kò bá rí i gbà láàárín àkókò náà, yóò pa ìpè. Àṣìṣe àdírẹ́sì kan náà ni ó sábà máa ń fà á.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà. Bí iṣẹ́ bá ti sú onímọ̀ ẹ̀rọ, ó lè ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ó sì fi 1234 ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà. Ìpè yóò já geere lọ́jọ́ náà. Àmọ́ bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Tọ̀sán tòru ni àwọn olè ń fi kọ̀ǹpútà wá irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wọlé ní òpin ọ̀sẹ̀, wọn a máa fi í pe àwọn nọ́ńbà olówó gọbọi ní òkè òkun, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pín nínú owó rẹ̀. Ọrùn ilé iṣẹ́ ni gbèsè ń já lé.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn tirẹ̀. Kí á dí ìpè òkè òkun fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò béèrè fún un. Kí ẹ̀rọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ aṣínà léraléra. Kí á yọ orúkọ òṣìṣẹ́ tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó lọ gan-an. Bí agbára bá ká a, kí á lo VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì abúlé yóò fi rí ẹni dá a lóhùn lóru, tí olè kò sì ní rí ibi gbà wọlé.