Kí Ẹ Tó Sanwó Sọ́fítíwíà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣòwò ní Ìlaròó àti Ayétòrò, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi ìwé ìṣirò sílẹ̀, kí ẹ bọ́ sórí sọ́fítíwíà. Ó dára. Ẹ kọ́kọ́ fi ọjà yín gan-an dán an wò fún oṣù kan.

Ẹni tó ń ta gààrí fún oníbàárà láti Bẹ̀nẹ̀ ń gba náírà, ó tún ń gba sẹ́fà. Ṣé sọ́fítíwíà náà lè kọ owó méjèèjì, pẹ̀lú iye tí wọ́n ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà? Bí kò bá lè ṣe é, èrè tó ń fi hàn yín kì í ṣe èrè. Ẹ wo ti owó orí ọjà (VAT) náà: láti February 2020 ló ti di ìdá 7.5 nínú 100. Kí sọ́fítíwíà náà mọ ọṣẹ tí wọ́n ń san án lé lórí yàtọ̀ sí ẹ̀gẹ́ tí wọn kì í san án lé lórí.

Èyí tó dùn mí jù rèé: ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà kan tí mo ń sanwó fún kógbá wọlé, àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà mi sì bá a lọ. Ẹ bi àwọn tó ń tà á fún yín pé, ṣé mo lè kó àkọsílẹ̀ mi jáde? Kí wọ́n ṣe é lójú yín. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ dà á sórí fláàṣì, kí ẹ gbé e lọ sílé.