Lẹ́tà sí Àkànní Tó Fẹ́ Fi Ilé-Ìwé Sílẹ̀

Abossey Okai,
Accra.

Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ti rò fún mi pé o fẹ́ pa Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ tì, kí o wá máa bá mi ta páàtì mọ́tò. Ó ní o sọ pé ẹni tó bá ti lówó, kódà òfuurufú kò lè tì í. Pé ṣebí mílíọ̀nù 20 dọ́là ni Dennis Tito san ní 2001 tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi gbé e dé ibùdó tó ń yí ayé po lókè.

Òótọ́ ni, ó sanwó. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí Tito tó di olówó, ẹnjiníà ni. Ó wà lára àwọn tó ṣírò ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ NASA gbà dé Mars.

Wo Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, tó tẹ̀lé e ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2002, nígbà tó wà ní ẹni ọdún 28. Ilé-iṣẹ́ tó tà ló fi rówó san. Síbẹ̀, ó tó ọdún kan tó fi gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, oṣù méje nínú rẹ̀ ní Star City lẹ́bàá Moscow, ó sì ń kọ́ èdè Rọ́ṣíà mọ́ ọn.

Ti ìjókòó rẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Èèyàn mẹ́ta péré ni ọkọ̀ Soyuz tó gbé e lọ ń gbà. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn ara oníkálukú, wọ́n á mọ ìtẹ́lẹ̀ ìjókòó tó bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, torí orí ilẹ̀ gbígbẹ ní Kazakhstan ni ọkọ̀ náà máa ń já lé tó bá ń bọ̀. Ọkọ̀ tó gbé Shuttleworth lọ kọ́ ló gbé e bọ̀ o. Soyuz ìgbà náà kì í lò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ lókè. Èyí tó wà níbùdó, tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ àsálà fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ti ń súnmọ́ ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n fi tuntun sílẹ̀, wọ́n kó ìtẹ́lẹ̀ ìjókòó wọn sínú ti àtijọ́, wọ́n sì gbé ìyẹn bọ̀ wálé ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún. Bí wọn ò bá tilẹ̀ rí arìnrìn-àjò kankan, ọkọ̀ náà ì bá lọ. Àwọn tó mọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ máa pé ló ni ìrìn-àjò yẹn. Ní ọjà wa yìí náà, bí oníbàárà bá wá ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, tirẹ̀ ni kó kawó. Mẹkáníìkì ló máa so bátìrì mọ́ ọn, tí á ṣí ìdérí ọ́ìlì, tí á máa wo èéfín. Ojú mẹkáníìkì ni gbogbo wa ń wò.

Ibùdó òfuurufú kan náà yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ ilé-ìwé rẹ dé, Àkànní! Ní 2017, wọ́n fi ọkọ̀ ẹrù SpaceX gbé sátẹ́láìtì kéékèèké márùn-ún lọ síbẹ̀ láti Florida. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni ìhà kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀kan ni GhanaSat-1 ti Yunifásítì All Nations ní Koforidua, òmíràn ni Nigeria EduSat-1 ti Àkúrẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló tò wọ́n ní Japan. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, wọ́n tú wọn sílẹ̀ láti ibùdó náà. Ta ló ní mílíọ̀nù 20 dọ́là nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn?

Mi ò lé ọ o. Páàtì ni mo tà tí mo fi ń san nínú owó ilé-ìwé rẹ, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan ṣoṣo ló kù fún ọ. Lọ bá àwọn olùkọ́ rẹ lọ́sẹ̀ yìí, béèrè ẹni tó mọ̀ nípa iṣẹ́ EduSat, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí o máa tẹ̀lé òun, ì báà jẹ́ wáyà ni á ní kí o máa jó. Tí ẹ bá gba ìsinmi, máa bọ̀ ní Accra. Màá fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. A ó jọ lọ sí Koforidua, lẹ́yìn náà kí o bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù títí ìsinmi á fi parí.

Má fọwọ́ sí ìwé kankan nílé-ìwé kí o tó fèsì sí mi. Bá mi kí ìyá rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ ní Gánà.