Ohun Èlò Ìpẹja fún Bàbá Àgbà àti Ọmọ-ọmọ Rẹ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí bá bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ mu nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jọ lọ fi ìwọ̀ pa ẹja. Bàbá ní sùúrù. Ọmọ ní ojú tí ó ríran láti ki okùn bọ ihò ìwọ̀. Ohun tí ó kù ni irinṣẹ́ tí owó wọn ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ná owó lé ọ̀pá, wọn a sì ra ìwọ̀ tí kò dára. Èyí kò tọ̀nà, nítorí ìwọ̀ àti okùn ni ó ń mú ẹja. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí owó lọ.

Ọ̀pá
Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbó, tí kòkòrò kò jẹ, ti tó. Kí a gé èyí tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7 fún ọmọ, àti 10 fún bàbá. Kí a fi wọ́n sí ibòji fún ọ̀sẹ̀ 3 kí wọ́n gbẹ, nítorí ọparun tútù wúwo. Kí ọmọ náà na ọ̀pá tirẹ̀ síwájú, kí ó sì kà dé 50. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, kí a wá èyí tí ó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Okùn
Okùn náílọ́ọ̀nù tí ó lè gbé kílò 4 tó fún ẹja kéékèèké. Kí a fi ìka méjì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ó bá ti họ, kí a gé e dànù. Kí okùn ọmọ kúrú ju ọ̀pá rẹ̀ lọ díẹ̀, kí ìwọ̀ lè padà sí ọwọ́ rẹ̀. Kí a so okùn mọ́ agbedeméjì ọ̀pá, kí a wé e lọ sí ṣóńṣó, kí a sì tún so ó níbẹ̀. Bí ṣóńṣó bá ṣẹ́, ẹja kò ní gbé okùn lọ.

Ìwọ̀
Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Bí nọ́ńbà ìwọ̀ bá ṣe ń ga sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i: ìwọ̀ 10 kéré ju ìwọ̀ 6 lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá kọ òdo tẹ̀lé, bíi 1/0 tàbí 2/0, ìwọ̀ ńlá ni. Ẹnu epìyà kéré. Ìwọ̀ 8 tàbí 10 ni ó bá a mu. Ẹnu àrọ̀ gbòòrò. 2 tàbí 1/0 ni tirẹ̀. Ọmọ tí a bá fún ní ìwọ̀ àrọ̀ láti fi pa epìyà yóò rí i pé ìjẹ ń tán, ẹja kò sì wá.

Kí a fa ṣóńṣó ìwọ̀ lórí èékánná: bí ó bá yọ̀, kò mú, bí ó bá kọ́ èékánná, ó mú. Lẹ́yìn náà, kí a fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré tí ó yọ sẹ́yìn nítòsí ṣóńṣó ìwọ̀ ọmọ pọ̀ mọ́ra. Ẹja mìíràn yóò bọ́, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀ bá gún ọmọ lọ́wọ́, yóò yọ láìfa ẹran ya.

Ìyókù
Ègé sálúbàtà ọ̀rá tí ó ti gbó a máa léfòó. Nọ́ọ̀tì kékeré a máa fa ìwọ̀ sísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òjé ni a ní, kí ọmọ má fi eyín tẹ̀ ẹ́, nítorí májèlé ni. Ekòló ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìjẹ tí a kì í fi owó rà.

Létí odò
Kí bàbá má jìnnà sí ọmọ, kí wọn má sì jọ ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àwọn méjèèjì dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ: inú omi tí kò ṣàn, tí ìgbín omi wà, ni àtọ̀sí ajá ti ń gba awọ wọ ara ènìyàn. Àrọ̀ ní ẹ̀gún líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bàbá ni kí ó yọ ọ́ lẹ́nu ìwọ̀. Kí wọn kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn onílé, nítorí kì í ṣe gbogbo odò ni a ti ń pẹja. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni.

Bí owó bá ṣẹ́kù, ìwọ̀ ni kí a tún fi rà, nítorí odò yóò gba díẹ̀ nínú wọn.

Ìbéèrè fún àwọn tí ń kàwé pọ̀
1. Nínú ìwọ̀ 8 àti ìwọ̀ 2/0, èwo ni ó tóbi jù?
2. Èéṣe tí a fi ń so okùn mọ́ ọ̀pá níbi méjì?
3. Odò wo ní àdúgbò yín ni a kì í ti í pẹja, kí sì ni ìdí rẹ̀?