Yàn àti Yà: Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù tí Wọ́n Ṣá Pa

Àbúrò mi kan tó ń fi títúmọ̀ ìwé jẹun gbé iṣẹ́ kan wá fún mi lóṣù tó kọjá. Ìtàn Thomas Becket ni, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n pa sínú ṣọ́ọ̀ṣì ara rẹ̀ lọ́dún 1170. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́." Mo wọ awò ojú mi, mo mú bírò pupa. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ti dá mi dúró: "Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, Bíṣọ́ọ̀bù Becket papòdà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun mẹ́rin, wọ́n sì gé adé orí rẹ̀."

Mo bi í pé, "Ṣé bàbá arúgbó kan ló kú sórí ibùsùn, tí àwọn ọmọ ogun wá jí adé rẹ̀ gbé?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tí gbólóhùn rẹ̀ sọ fún etí Yorùbá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú papòdà. Pa, ipò, dà: ẹni tó papòdà ti pààrọ̀ ipò, ó ti kúrò níhìn-ín bọ́ sọ́hùn-ún. Àgbàlagbà tó kú ikú wọ́ọ́rọ́wọ́ là ń sọ ọ́ fún. Ọba ní tirẹ̀ ń wàjà, nítorí ẹnu wa kò gbà á láti sọ pé ọba kú. Onígbàgbọ́ ń sùn nínú Olúwa. Aṣọ tí a fi ń bo ikú lójú ni gbogbo wọn. Aṣọ yẹn kò ṣeé dà bo ẹni tí wọ́n pa, torí bí a bá dà á bò ó, apànìyàn là ń bá bo ẹ̀ṣẹ̀. Papòdà kì í sì í gba "lọ́wọ́ lágbájá". Ikú tó bá ti ní ọwọ́ ènìyàn nínú, pípa ni.

Pípa náà ní oríṣi. A ń lu ènìyàn pa, a ń yìnbọn pa á, a ń gún un pa, a ń ṣá a pa. Idà ń gún, idà sì ń ṣá. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí ni wọ́n dojú idà kọ, láti òkè wá sísàlẹ̀, débi pé ṣóńṣó idà ọ̀kan nínú wọn ṣẹ́ sára òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣíṣá nìyẹn. Wọ́n ṣá a pa.

Adé ńkọ́? Bíṣọ́ọ̀bù kò dé adé lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní fún adé àti fún àtàrí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú èdè Látìn. Àwa ní méjì. Àtàrí Thomas ni wọ́n ṣá, ibi tí wọ́n ta òróró sí nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù. Títí dòní, iyàrá róbótó tó wà ní ìkángun ìlà-oòrùn kàtídírà Canterbury ń jẹ́ Corona, àtàrí yẹn ni orúkọ náà ń tọ́ka sí.

Àwọn "ọmọ ogun" mẹ́rin yẹn náà ní orúkọ tó yẹ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Reginald FitzUrse, Hugh de Morville, William de Tracy àti Richard le Breton kì í ṣe ọmọ ogun lásán. Ọlọ́lá ni wọ́n, wọ́n ní ilẹ̀, ọba ni wọ́n sì ń gbé idà fún. Ọ̀yọ́ Ilé ní irú wọn, àwọn 70 akọni olóyè tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́. Mo fa igi sórí "ọmọ ogun", mo kọ "ẹ̀ṣọ́ ọba".

Àkòrí iṣẹ́ rẹ̀ ni "Ìjà Ṣọ́ọ̀ṣì àti Adé". Létí Yorùbá, ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé tí a ń lọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ń bá ọba jà lè rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ògiri ni. Ìjọ ló yẹ kó kọ, nítorí Ìjọ ni àwọn ènìyàn, òfin wọn àti ilé ẹjọ́ wọn. Ní ti adé, "àwọn orí adé" lẹ́nu wa ni àwọn ọba fúnra wọn, ènìyàn ẹlẹ́ran ara. Mo sọ ọ́ di "Ìjà Ìjọ àti Ọba".

Kí ni wọ́n ń jà sí gan-an? Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fi dá a lóhùn: yàn àti yà. Ohùn ìsàlẹ̀ ni àwọn méjèèjì, fáwẹ̀lì nìkan ló yàtọ̀. Ti yàn jẹ́ àránmúpè, ti yà kò gba imú rárá. Yàn ni kéèyàn mú ọ̀kan láàárín púpọ̀. Yà ni kéèyàn mú nǹkan kúrò nínú ìyókù: a ń yà á sọ́tọ̀, a ń yà á sí mímọ́.

Ọmọ oníṣòwò ni Thomas ní London. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Theobald, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìgbà náà. Ní 1155, Ọba Henry Kejì fi í ṣe akọ̀wé àgbà, ẹni tí èdìdì ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n di kòríkòsùn. Nígbà tí Theobald kú ní 1161, ọba rò ó pé bí òun bá fi ọ̀rẹ́ òun sípò yẹn, Ìjọ àti ìjọba bọ́ sí àpò kan náà. Ó yàn án. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 1162, Thomas di àlùfáà. Lọ́jọ́ kejì, àwọn bíṣọ́ọ̀bù yà á sí mímọ́. Kò pẹ́ tó fi dá èdìdì ọba padà.

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ọba ní, "Èmi ni mo yàn án." Thomas ní wọ́n ti ya òun sọ́tọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run kì í padà di ìránṣẹ́ ẹni tó yàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohùn tàfàlà níhìn-ín. Nínú "yà á sí mímọ́", ohùn ìsàlẹ̀ ni yà. Ẹni tó bá gbé e sí ohùn àárín ti sọ pé wọ́n fa bíṣọ́ọ̀bù ya bí aṣọ.

Ní oṣù Kìíní 1164, ọba kó àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Clarendon, ó gbé òfin 16 sílẹ̀. Èyí tó gbóná jù ni ti àwọn tí àbúrò mi pè ní "akọ̀wé ọ̀daràn". Mo bi í bóyá ọ́fíìsì kan ni wọ́n ti jalè. Nígbà náà, ẹni tí Ìjọ bá ti fá àtàrí rẹ̀, ì báà má tíì di àlùfáà, abẹ́ Ìjọ ló wà. Bó bá jalè tàbí pànìyàn, Ìjọ ló ń dá ẹjọ́ rẹ̀, Ìjọ kì í sì í pa ènìyàn. Ohun tí ọba fẹ́ ni pé bí Ìjọ bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn ẹni bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fà á lé òun lọ́wọ́ fún ìyà. Thomas ní Ọlọ́run kì í jẹni níyà lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan. "Àwọn ènìyàn Ìjọ tó dáràn" ni mo kọ. Nígbà tí ẹjọ́ tún gbóná sí i ní Northampton lóṣù Kẹwàá ọdún náà, Thomas sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀, ní Pontigny, lẹ́yìn náà ní Sens.

Ohun tó dá wàhálà ìkẹyìn sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 1170, ọba mú àrẹ̀mọ rẹ̀, tóun náà ń jẹ́ Henry, ó ní kí Roger, bíṣọ́ọ̀bù àgbà York, dé e ládé ní Westminster. Ẹ̀tọ́ Canterbury sì ni láti dé ọba ládé. "Ọmọ náà jọba" ni àbúrò mi kọ. Rárá o. Wọ́n dé e ládé ni. Bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí ìtẹ́, ọmọ yẹn sì kú ní 1183, ọdún mẹ́fà kí bàbá tó kú. Adé dé orí rẹ̀, ìjọba kò dé ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n parí ìjà ní Fréteval lóṣù Keje, Thomas sì padà délé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Àmọ́ ìwé póòpù ti ṣáájú rẹ̀ dé: ó dá Roger dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ya bíṣọ́ọ̀bù London àti ti Salisbury kúrò nínú Ìjọ. Yà náà tún nìyẹn, ṣùgbọ́n yíyà tó ń lé ènìyàn síta. Àwọn tọ̀hún gbéra, ó di ọ̀dọ̀ ọba ní Normandy.

"Ọba pàṣẹ pé kí wọ́n pa á," ni àbúrò mi kọ. Ìbéèrè kúkúrú tí gbogbo ayé ń fi sí ọba Henry lẹ́nu, èyí tó ní kí ẹnì kan bá òun mú àlùfáà oníjàngbọ̀n yẹn kúrò, kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àwọn tó bá a láyé. Ohun tí Edward Grim, ọ̀kan nínú wọn, kọ ni pé ọba ń bú àwọn ará ilé rẹ̀, ó ní ọ̀lẹ àti ọ̀dàlẹ̀ lòun ń bọ́, tí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ẹni yẹpẹrẹ máa fi òun wọ́lẹ̀. Ìráhùn nìyẹn, kì í ṣe àṣẹ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Inú ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí, odindi tó dà sì rèé. Ohun tó tọ́ ni "ọba ráhùn, wọ́n sọ ọ́ di àṣẹ." Ọba kò mọ́ nípa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn wa mọ́.

Ìwé púpọ̀ ló sọ ìtàn yìí, Yorùbá sì ní ìwọ̀n tí a lè fi wọ̀n wọ́n: èwo ló ṣojú òǹkọ̀wé, èwo ló ṣẹ̀yìn rẹ̀? Ti Grim ṣojú rẹ̀ kòró. Àlejò ni lọ́jọ́ náà. Ó na apá di idà, idà ṣe apá rẹ̀ léṣe. William FitzStephen náà wà níbẹ̀. Herbert láti Bosham mọ Thomas tinútòde, ṣùgbọ́n ìlú òkèèrè ló wà nígbà tí wọ́n pa ọ̀gá rẹ̀, ikú yẹn ṣẹ̀yìn rẹ̀. Kò pé ọdún márùn-ún tí Guernes, ará Faransé, fi sọ ọ́ di ewì gígùn. Eré oníṣe ti T. S. Eliot dé ní 1935, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní Canterbury gan-an. Jean Anouilh kọ tirẹ̀ ní 1959, ó sọ Thomas di ọmọ Saxon, bẹ́ẹ̀ Normandy ni orírun àwọn òbí rẹ̀. Eré dùn, ẹ̀rí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tí wọ́n tú wò fínnífínní, kó wá ìwé Frank Barlow ti 1986 tàbí ti John Guy ti 2012.

Ẹ̀rí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. "Akọni" ni àbúrò mi pe Thomas. Akọni kú sójú ogun, òun náà sì gbé idà. Thomas kò gbé nǹkan kan. Wọ́n ní ó kọ̀ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ajẹ́rìíkú là ń pe irú rẹ̀: a-jẹ́-ẹ̀rí-kú, ẹni tó jẹ́rìí títí tí ẹ̀rí náà fi di ikú rẹ̀. Lédè Gíríìkì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ tiwọn, ẹlẹ́rìí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n etí Gẹ̀ẹ́sì kì í gbọ́ ẹ̀rí nínú rẹ̀ mọ́. Tiwa ṣì ń sọ ọ́ ketekete. Grim jẹ́ ẹlẹ́rìí, Thomas jẹ́ ajẹ́rìíkú. Ikú nìkan ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Póòpù Alexander Kẹta kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1173. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Henry fi ẹsẹ̀ lásán rìn wọ Canterbury, àwọn mọ́ńkì sì nà án lẹ́gba. Ẹ kọ ọ́ pé ó ṣe ìrònúpìwàdà, ẹ má fi mọ sí "kábàámọ̀": àbámọ̀ kì í bọ́ bàtà. Ní 1538, Henry mìíràn, Ìkẹjọ, wó ibojì Thomas, ó sì ní kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé.

Àbúrò mi ń kó ìwé rẹ̀ jọ nígbà tí mo rántí Àjàyí Crowther. Inú kàtídírà yìí kan náà ni ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, ọdún 21 lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ìwé àṣẹ ọba wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n sì fi fún un ni ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lẹ́yìn ààlà ìjọba Ọbabìnrin Victoria. Mo ní kó kọ gbólóhùn kan fún mi nípa ọjọ́ náà. Ó ronú díẹ̀, ó kọ ọ́: "Ọbabìnrin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yàn án, bíṣọ́ọ̀bù àgbà sì yà á sí mímọ́."

Mo dé bírò pupa mi.