Èkó Kò Lókè, Ṣùgbọ́n Ó Ní Afárá

Àbúrò mi, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí sí ọ létí kí o tó náwó. Má tíì lọ sí òkè hótẹ́ẹ̀lì kankan ní Victoria Island nítorí pé o fẹ́ wo Èkó láti òkè. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń darí ọmọbìnrin sí: àga rírọ̀, orin tó ń di ènìyàn létí, ohun mímu ẹyọ kan tí owó rẹ̀ tó ti ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì tún wá fi ọ́ jókòó sẹ́yìn òpó. Èmi tí mò ń gbé Ìlúpéjú, láàárín ilé ìtẹ̀wé, ilé ìkẹ́rùsí àti èéfín jẹnẹrétọ̀, mo ní àwọn ibi tèmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Pẹrẹsẹ ni Èkó. Ẹni tó bá ń wá òkè tó máa gùn kó lè rí i tán, á wá a títí. Orí irà àti iyanrìn etí ọ̀sà la tẹ̀ ẹ́ dó sí, nítorí náà ohun tí ọmọ ènìyàn bá fi kọnkéré àti irin gbé sókè ni òkè tiwa: afárá, ibùdó reluwé, dẹ́kìn orí ilé. Ohun kejì tí mo gbà gbọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ ṣe pàtàkì ju gíga lọ. Àjà kẹta ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sàn ju àjà ogún lọ ní ọ̀sán gangan, nígbà tí páànù gbogbo ìlú bá ń kọ mànà sí ọ lójú.

Bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ilé tí o ń gbé bá ní dẹ́kìn, bẹ ìyá onílé kó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn òkè. Ibẹ̀ ni tánkì omi máa ń wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ sí, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé kí lo ń wá. Ní Ìlúpéjú, òrùlé gbọọrọ ilé iṣẹ́ lo máa kọ́kọ́ rí, ti Industrial Avenue níbi tí Academy Press ti ń tẹ̀wé, lẹ́yìn wọn ni páànù dídípẹtà Muṣin bẹ̀rẹ̀, tó lọ salalu. Lálẹ́, dúró de ìgbà tí iná bá dé. Wọn kì í tan gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Muṣin lè kọ́kọ́ mọ́lẹ̀ kí àdúgbò tiyín ṣì wà nínú òkùnkùn, wàá máa gbọ́ "Up NEPA!" láti ọ̀nà jíjìn, ariwo náà á máa bọ̀ láti òpópónà dé òpópónà títí á fi kàn yín. Kò sí hótẹ́ẹ̀lì tó ń ta ìyẹn.

Lẹ́yìn ilé, afárá ẹlẹ́sẹ̀ Palmgrove ló kàn, èyí tó gba orí Ìkòròdú Road kọjá. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ. Apá ìwọ̀-oòrùn títì yẹn ni Ìlúpéjú wà, nítorí náà ẹ̀yìn òrùlé tiwa gan-an ni oòrùn máa ń wọ̀ sí. Dúró láàárín, kọjú sí Onípánu: dáńfó ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ títì, bọ́ọ̀sì BRT sì ń yan ní ojú ọ̀nà tí wọ́n là fún un láti ọdún 2008. Ṣùgbọ́n má dúró lásán o. Àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń kánjú, àwọn ìyá tó pàtẹ síbẹ̀ kò sì fẹ́ ẹni tó máa dí oníbàárà wọn lọ́nà. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: mo máa ń ra ẹ̀pà tàbí gúgúrú lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, màá sì dúró ti àtẹ rẹ̀. Oníbàárà kúkú ni mí, kò sẹ́ni tó máa lé mi, ìyá náà á sì máa bá mi ṣọ́ báàgì.

Ibùdó reluwé Muṣin náà kò jìnnà sí wa. Ó wà lára Ìlà Pupa tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, kìlómítà 27 láti Agbádò dé Òyìngbò. Orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń gbà, nítorí náà má retí pé inú rẹ̀ lo ti máa rí ìlú láti òkè. Òkè ibùdó, níbi tí èrò ti ń sọdá ojú irin, ni kí o ti wò ó: irin tó na gbọnrangandan lọ sí ọ̀nà Oṣòdì, ọ̀nà kan náà tí àwọn òyìnbó gbà fa reluwé àkọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1901. Oṣòdì fúnra rẹ̀ ní afárá tó so tẹ́mínà mẹ́ta pọ̀ láti 2019. Ìran ibẹ̀ pọ̀, ariwo rẹ̀ ló jù mí lọ. Afárá Pen Cinema ní Agége, ti 2021, inú mọ́tò nìkan ló ti dùn ún wò.

Bí o bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀nà Màrínà ni kí o gbà. Ní Palmgrove, wọ BRT tó ń lọ sí CMS ní Màrínà, kí o sì wá àga etí fèrèsé ní ọwọ́ ọ̀tún. Má yọ ara rẹ lẹ́nu títí ẹ ó fi kọjá Costain. Nígbà tí bọ́ọ̀sì bá gun Eko Bridge ni kí o lajú: Àpápá lọ́wọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gbé kọ̀nténà, ilé gogoro Màrínà níwájú. NECOM House wà nínú wọn, àjà 32, tí wọ́n parí ní 1979. NET ni àwọn àgbà mọ̀ ọ́n sí.

Tí o bá dé Màrínà, má tíì padà. Wọ reluwé Ìlà Búlúù, káàdì Cowry tí o fi wọ bọ́ọ̀sì náà lo máa lò. Iná mànàmáná ló ń wa reluwé yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, kìlómítà 13 láti Màrínà dé Mile 2. Orí afárá gíga ló ti máa gbé ọ kọjá lórí omi. Kò pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n tìtorí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni mo ṣe ń san owó ọkọ̀: ọ̀sà lábẹ́ rẹ, Ìddó lápá kan, Àpápá lápá kejì, Ìsàlẹ̀ Èkó ń súré lọ sẹ́yìn. Kó o tó mí kanlẹ̀, National Theatre ti yọ pẹ̀lú òrùlé rẹ̀ tó dà bíi fìlà ṣójà, ilé tí wọ́n kọ́ de àjọ̀dún FESTAC 1977, tí wọ́n sì fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán ni kí o wọ reluwé náà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ. Mo mọ̀ pé mo ti bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀sán. Ti reluwé yàtọ̀, nítorí kí n rí àga etí fèrèsé dára ju kí n rí oòrùn ìrọ̀lẹ́ láàárín apá ènìyàn mẹ́rin.

Afárá Third Mainland ńkọ́? Kìlómítà 11.8, láti 1990, ó dára láti inú ọkọ̀. Bí o bá ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀tún ni kí o jókòó sí, kí o lè rí Mákòókó àti èéfín ẹja tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń yan. Má gbà kí awakọ̀ kankan dúró lórí rẹ̀ nítorí fọ́tò. Eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí afárá náà fúnra rẹ̀, etí ọ̀sà inú UNILAG ni kó lọ. Wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa mú ọ wọlé. Ìlà-oòrùn ni ibẹ̀ kọjú sí, nítorí náà tó bá di aago márùn-ún, ẹ̀yìn rẹ ni oòrùn máa wà, gbogbo afárá á sì mọ́lẹ̀ kedere níwájú rẹ. Àárọ̀ kùtùkùtù ló yẹ ẹni tó bá fẹ́ rí oòrùn tó ń yọ.

Ojú ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ kì í rò. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń bo ìlú, o lè wà lókè pátápátá kí o má rí ju ilé kẹta lọ. Lẹ́yìn òjò ni kí o jáde, nígbà tí omi bá ti fọ eruku àti èéfín kúrò nínú afẹ́fẹ́.

Ní ti ìṣọ́ra: má dá lọ, pàápàá lálẹ́. Wọ ṣòkòtò, bàtà pẹlẹbẹ, kí báàgì wà níwájú àyà. Má na fóònù jáde láti fèrèsé dáńfó, àwọn ajáfóònùgbà mọ ibi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà jù ọ́ lọ. Má sì kọ kámẹ́rà sí bárékè tàbí pápákọ̀ òfurufú, kí ọ̀rọ̀ fọ́tò má baà di ẹjọ́. Bí ọjọ́ ìbí rẹ bá dé tí ọkàn rẹ ṣì wà lára hótẹ́ẹ̀lì, tẹ̀ wọ́n láago, béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó kí o tó gun ẹ̀rọ agbéniròkè, kí o sì dé ṣáájú aago mẹ́fà.

Tó bá jẹ́ òkè gidi lo fẹ́, reluwé Ìbàdàn ni kí o wọ̀, ní Agége tàbí ní Alágọmèjì. O lè sọ̀ ní Abẹ́òkúta lọ gun Olúmọ. Ṣùgbọ́n Láyípo lèmi yàn, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Ààrẹ n'Ìbàdàn ní 1936, torí bí o ṣe ń yí po àtẹ̀gùn rẹ̀ ni òrùlé ìlú náà ń pọ̀ sí i. Ìkángun ìlú, ní Mọ́níyà, ni reluwé máa já ọ sí, fi owó mọ́tò sọ́wọ́, kí o sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ kí o tó kúrò l'Ékòó.